Àròkọ Tó Gba Ipò Kìn-ín-ní

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1994, mo ka àròkọ mi tó gba ipò kìn-ín-ní níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Johannesburg, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà.

Ìdíje rọ́gbì àgbáyé ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ìlú dá ìdíje àròkọ sílẹ̀ fún àwa ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ní kí a kọ bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú ìlú wa bá àwọn ìlú ńlá ayé dọ́gba, tí àwọn oníṣòwò òkèèrè yóò fi yàn án. Olùkọ́ wa ní ohun tí a fojú ara wa rí ni kí a kọ.

Inú gáréèjì kan ní àdúgbò wa, Yeoville, ni ìyá mi àti Àǹtí Fẹ̀hìntọlá, tí a jọ ti Òṣogbo wá, ti ń dirun. Gáréèjì náà kò ní fèrèsé. Rọ́bà gígùn la fi ń fa omi láti ilé kejì. Wọn kò ní ìwé àṣẹ láti ṣòwò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àti owó ilé-ìwé mi ti ń wá. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo kàn yọ orúkọ wa kúrò ni. Mo ní bí àlejò bá rí irú gáréèjì bẹ́ẹ̀, ìlú mìíràn ni yóò gbé òwò rẹ̀ lọ.

"Tẹjúmádé, kí lo ń kọ tó o fi gbàgbé oúnjẹ?" ìyá mi bi mí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí oníbàárà.

"Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, mà."

Àǹtí Fẹ̀hìntọlá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò lè sáré dé ìdí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ ní ìkòríta! Kà á fún wa ní Yorùbá, ká gbọ́."

"Kò dùn ní Yorùbá, Àǹtí." Mo pa ìwé mi dé.

Lẹ́yìn ìpàtẹ́wọ́, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà béèrè pé, "Ṣé o rí gáréèjì yìí ni, àbí o kàn rò ó?"

"Eish, irọ́ ni!" ọmọ ilé-ìwé kan kígbe láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò parọ́. Mo dárúkọ òpópónà wa, mo sì sọ nọ́ńbà ilé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin mẹ́ta láti ọ́fíìsì ìjọba ìlú wọ gáréèjì dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí orí ẹni yìí," ìyá mi bẹ̀bẹ̀.

Wọn kò gbà. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ ilé-ìwé kan ló júwe ibẹ̀ fún àwọn. Ìyá mi yíjú sí mi.

"Tẹjú, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà."

"O ò tilẹ̀ bi mí."

Wọ́n kó ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, wọ́n sì ti gáréèjì pa. Oníbàárà wé gèlè bo ìlàjì orí tí a kò tíì dì, ó lọ.

Àǹtí Fẹ̀hìntọlá padà sí Òṣogbo. Ìyá mi gba iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Sandton, àdúgbò àwọn olówó, níbi tó gbọ́dọ̀ máa sùn. Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù ni mo ń rí i. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní oṣù keje, mo ń fọ aṣọ fún ìyàwó alàgbà ìjọ wa. Nígbà tí àwọn àlejò tó wá yẹ ìlú wò dé, ọkọ̀ wọn gba pápá ìṣeré lọ, ó gba Sandton. Kò yà sí Yeoville rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ ilé níta, ẹ bi àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń gbọ́. Nítorí ìyìn àwọn tí n kò mọ̀ rí, mo tú àṣírí ẹni tó bí mi.

Iṣẹ́ ìyá mi bàjẹ́. N kò padà sí ilé-ìwé. A kò sì tún jọ gbé inú ilé kan náà mọ́.