Ìgbànú Ẹgbẹ̀rún Kókó

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni, ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ sí Rye Lane ní Peckham, irú èyí tí kì í pariwo ṣùgbọ́n tí í rin ènìyàn dé egungun. Àwọn ẹlẹ́ja kò tíì ṣí. Ìlẹ̀kùn irin wọn ṣì wà nílẹ̀. Nínú fúláàtì kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù, Simeon Àjíṣafẹ́ wọ kóòtù tuntun, ó dúró, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ó ti ń di ẹrù fún un.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Simeon. Ogún ọdún ni ó ti fi ṣe iṣẹ́ lébírà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ru bíríkì, ó po kọnkéré, ó gbé pákó gun àkàbà nínú yìnyín. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Adéníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni í sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Télọ̀ ni Adéníkẹ́. Ó ní ààyè kékeré kan nínú ọjà níbẹ̀, níbi tí ó ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tí ó sì ń pààrọ̀ síìpù fún ará dúdú àti ará funfun.

“Bàbá Tóbi, ẹ ò ṣe kúkú fi ránṣẹ́ ní póòsìtì?”

“Bàbá mi àgbà ò ní kí n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n mú un lọ.”

“Òkú kì í béèrè ẹni tó gbé ẹrù wá.”

“Mummy, ẹ fi Daddy sílẹ̀ jàre,” ni Olúwatóbilọ́ba, ọmọbìnrin wọn, wí láti kíṣìnnì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, yunifásítì ló wà. “Ticket yẹn, wọn ò lè refund ẹ̀ mọ́ o.”

“Má fi refund fọ́ mi létí láàárọ̀ yìí!”

Tóbi rẹ́rìn-ín. Simeon náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyàwó òun kò rẹ́rìn-ín. Adéníkẹ́ ká ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e, ó mú abẹ́rẹ́, ó sì rán ẹnu aṣọ náà pa yíká.

“Ẹ má tú u lójú ọ̀nà o. Ó ti gbó. Ẹni tó ni ín ni kó tú u.”

Ìgbànú ni ohun tí ó wà nínú aṣọ funfun náà. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé ni, a ní láti padà sí ọdún 1945, sí ìgbà Ogun Hítílà.

Ní ọdún náà, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú igbó Bọ́mà. Wọ́n wọ ṣòkòtò kúkúrú káakí, wọ́n dé fìlà fífẹ̀ tí wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbé ìbọn. Gilbert Àjíṣafẹ́, ọmọ Ìkirè, bàbá tó bí bàbá Simeon, aláàárù ogun ni. Orí ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ru ọta àti ìrẹsì kọjá àwọn òkè tí ọkọ̀ kò lè gùn. Ní ọjọ́ kan, ibà dá a wólẹ̀. Ọ̀wọ́ àwọn aláàárù náà kọjá lọ, kò sí ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn. Ó rá pálá dé tẹ́ḿpìlì Búdà kan tí ìbọn ńlá ti wó, ó sì bá ọmọ ogun Japan kan níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rà.

Ọmọ ogun náà ní omi. Gilbert ní ìrẹsì. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jọ jẹ ẹ́, tí wọ́n jọ mu ún. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ ogun náà tú ìgbànú kan kúrò ní ikùn rẹ̀: aṣọ funfun tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n fi òwú pupa ta kókó sí ní ìlà ìlà, tí wọ́n sì fi tàdáwà kọ nǹkan sí létí. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe obìnrin, ó ṣàpèjúwe ọmọ ọwọ́, ó nawọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Gilbert gba ìgbànú náà, ó sì lu àyà rẹ̀. Òun yóò fi jíṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ẹlẹgbẹ́ Gilbert padà wá a. Ọmọ ogun Japan náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Àjíṣafẹ́,” ni sájẹ́ńtì wí, “ṣé ọ̀tá yìí mú ọ ni, àbí ẹ jọ jókòó ni?”

Bí Gilbert bá ní àwọn jọ jókòó ni, kóòtù àwọn ológun ló ń lọ. Ó dákẹ́. Wọ́n sì yin ìbọn kan ṣoṣo.

Ní Ìkirè, ìtàn mìíràn ni ó sọ. Ó ní òun bá ọ̀tá wọ̀yá ìjà, òun sì já ìgbànú ní ìdí rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni àwọn ọmọdé fi ń kí i ní “Akọni Bọ́mà!” tí ó ń na ọwọ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ tí ó kú ni ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde nínú yàrá, ó ku Simeon nìkan.

“Irọ́ ni mo pa,” ni ó wí. “Ẹnu mi tí kò là ló pa ọkùnrin yẹn. Mú ìgbànú rẹ̀ lọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí o sì sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí.”

Simeon gbé ìgbànú náà dé Peckham nínú àpótí, ó fi sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sọ ohun tí bàbá àgbà wí fún ẹnikẹ́ni, àní fún Adéníkẹ́ pàápàá. Ìtàn akọni ni gbogbo ilé mọ̀. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè lọ, ìwé ìgbélùú kò tètè bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí oòrùn bá ti ràn díẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, á gbé e jáde, á sá a sí ojú fèrèsé, á sì wí ní ohùn kékeré pé, “Bàbá, mi ò tíì gbàgbé.”

Tóbi ni ó bá a wá àwọn tó ni ín. Ó ya fọ́tò ìwé ara ìgbànú náà, ó fi han olùkọ́ kan ní yunifásítì. Olùkọ́ náà ka orúkọ ọmọ ogun àti orúkọ abúlé rẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó kọ ọ́ jọ ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀wé rárá, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀. Ọmọ ọwọ́ ọjọ́ náà wà láàyè. Haruko ni orúkọ rẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ní kí wọ́n mú un wá sí ìlú orí òkè kan ní Japan tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún orúkọ bàbá òun.

Báyìí ni Simeon ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta, tí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ èyí tí okùn irin ń fà gun òkè bí ẹni ń fa korobá láti inú kànga. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ó dé. Oòrùn wà, òtútù sì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ḿpìlì ni gbogbo òpópó ìlú náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba àlejò sùn. Àwọn igi gíga tí ènìyàn mẹ́ta kò lè dì mọ́ra dúró lẹ́yìn ilé, sàréè olókùúta tó kún fún ewéedò wà lábẹ́ wọn, àìmọye. Ó bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà. Pákó ilẹ̀ tutù, ó ń dán bí omi. Nínú yàrá rẹ̀, ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ bébà lásán. Òun tí ó ti kọ́ ilé fún ogún ọdún, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn náà, ó ń ronú pé ẹni tó bá gbé lẹ́yìn irú èyí gbọ́dọ̀ fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀.

Àlùfáà kan tí ó fá orí, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, gbé tíì wá fún un.

“Màmá Haruko ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, lẹ́yìn àdúrà,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù náà, kí a gbé e síwájú Búdà kí ó sùn síbẹ̀.”

Simeon fi ọ̀bẹ kékeré gé òwú tí Adéníkẹ́ fi rán aṣọ funfun náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wọlé jù. Ó ti gbá etí ìgbànú fúnra rẹ̀ mú. Bí Simeon ti fà á, aṣọ ẹ̀yìn ìgbànú náà tú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì là.

Àlùfáà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé. “Ẹgbẹ̀rún obìnrin ló ń ṣe ọ̀kan. Ìyàwó ọmọ ogun á dúró ní ojú ọ̀nà, á máa bẹ gbogbo obìnrin tó ń kọjá pé kí wọ́n bá òun ta kókó kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún ọwọ́ ni yóò ṣọ́ ọkọ rẹ̀.”

Simeon gbé e sún mọ́ ojú. Ó ń wo inú ìgbànú náà, ibi tí òwú ti parí. Kókó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí wọ́n fi ìrù sílẹ̀ fún, kékeré bí wóró ìrẹsì, tí wọ́n gé ní ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wọn. Ó tẹ̀, ó yí etí ṣòkòtò iṣẹ́ tó wọ̀, tí Adéníkẹ́ gé fún un, sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìrù bí wóró ìrẹsì. Ọ̀gá tó kọ́ Adéníkẹ́ níṣẹ́ ní Òṣogbo ló ń ta á bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo Rye Lane tí í ta á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àlùfáà ti gbé ìgbànú lọ, Simeon jáde sí àgbàlá, ó pe ilé. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni ní Peckham.

“Ẹ ti dé? A dúpẹ́ o. Ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀?”

“Níkẹ́, ìgbànú bàbá mi àgbà dà?”

Ó gbọ́ ariwo ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n ń fà sókè.

“Ó wà lọ́wọ́ yín.”

“Kókó rẹ ni mo rí níbẹ̀.”

“Mo sun ún,” ni ó wí. “Ọdún tí Tóbi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Bìmíńgámù lẹ wà, ẹ ń kọ́lé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ ò lajú. Wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni nǹkan òkú tó wà nílé wa. Kí ni kí n sọ? Aṣọ ẹni tí wọ́n pa lójú ogun ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a ń sùn sí!”

“O ò bi mí.”

“Ẹ máa kọ̀.”

“O wá rán òmíràn.”

“Mo rán an. Mo ka kókó tòótọ́, ẹgbẹ̀rún kan ni. Mo kọ ìwé ara rẹ̀ bí mo ṣe rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni mo jókòó sí tí mo ń ta á, àwọn nọ́ọ̀sì ń wò mí bíi wèrè. Ọjọ́ tí mo parí ẹ̀ ni mo sun ti àtijọ́. Ọjọ́ kejì, Tóbi lajú. Àbí kò lajú, Bàbá Tóbi?”

“Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Níkẹ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń sá a sí fèrèsé, tí mò ń bá a sọ̀rọ̀, tí o sì ń wò mí.”

Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sunkún.

“Ẹ ṣáà gbé e fún ìyá yẹn,” ni Adéníkẹ́ wí. “Arúgbó ni. Inú ẹ̀ á dùn. Ta ló fẹ́ tú inú ìgbànú wò?”

Simeon pa fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́ náà wọ́n gbé àwo kéékèèké mọ́kànlá wá fún un, láìsí ẹran, láìsí ẹja. Kò fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, agogo dún. Èéfín tùràrí kún ilé àdúrà náà, àwọn àlùfáà sì ń ka àdúrà ní ohùn kan tí kò sókè tí kò sọ̀. Màmá Haruko wọlé nínú aṣọ ìbílẹ̀ aláwọ̀ eérú, ó ti tẹ̀, irun rẹ̀ funfun gbòò. Nígbà tí àdúrà parí, àlùfáà gbé ìgbànú náà lé e lọ́wọ́.

Kò sunkún. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ìlà àwọn kókó pupa náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i.

“Ó ní ìyá òun sọ fún òun kí ó tó kú,” ni àlùfáà túmọ̀ fún Simeon. “Pé kókó àkọ́kọ́, ní igun òkè, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ta á.”

Àtàǹpàkò náà dé igun òkè. Ó dúró síbẹ̀. Màmá Haruko gbé igun náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó lajú, ó wo Simeon, ó béèrè nǹkan.

“Ó ń béèrè,” ni àlùfáà wí, “ohun tí bàbá àgbà yín sọ nípa bàbá òun.”

Simeon dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní náà, níwájú obìnrin náà. Nígbà tí ó dìde jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba ìgbànú náà padà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí àlùfáà máa bá òun túmọ̀ gbogbo ohun tí òun bá wí, títí kan ti ìgbànú náà, kí ó má fo ọ̀rọ̀ kankan. Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ àgbà dákẹ́.