Olútóyè àti Wàrà Ọmọ Aláìníyàá

Gbogbo obìnrin tó bá kọjá níwájú ìsọ̀ Olútóyè ní Treichville, ní ìlú Abidjan, ló máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àfi ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni yẹn gan-an sì ni ọkàn rẹ̀ yàn.

Georgette ni orúkọ rẹ̀. Àjàṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, Abidjan ni wọ́n bí i sí, ilé ẹ̀kọ́ Faransé ló sì lọ. Bó bá ń sọ Yorùbá, Faransé a máa yọjú nínú rẹ̀ bí oòrùn tó ń yọ láàárín ewé. Bó bá tẹjú mọ́ ènìyàn, onítọ̀hún á gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Òun ló ń darí Ẹgbẹ́ Oníyọ̀ọ́nú nínú ìjọ wọn, àwọn tí ń kó wàrà gbígbẹ inú agolo, aṣọ àti oògùn lọ fún àwọn ọmọ tálákà ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Anyama.

Obì ni Olútóyè ń tà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bàṣé, máa ń lọ lófìfo sí igbó Anyama, tí á sì kún fún apẹ̀rẹ̀ obì bọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé wàrà lọ, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Tóyè, merci," ni Georgette wí. "Ṣùgbọ́n ṣé nítorí Ọlọ́run ni, àbí nítorí mi?"

"Ìwọ náà, ṣé Ọlọ́run kọ́ ló dá ọ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú oníṣòwò tí Olútóyè jẹ́ fún yín. Láti kékeré ló ti kọ́ ọgbọ́n àwọn tí ń di obì. Obì tó jíire, tó ń dán, ni wọ́n ń tò sókè apẹ̀rẹ̀. Èyí tí kòkòrò ti jẹ a wà nísàlẹ̀. Wọ́n á wá fi ewé tútù bo gbogbo rẹ̀. Wọn kì í pè é lólè. Wọ́n ní, "Nínú apẹ̀rẹ̀ obì, alààyè ló ń gbé òkú rù." Ẹni tó tà á mọ̀, ẹni tó rà á mọ̀, kálukú ń ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀.

Nígbà tí agolo wàrà ńlá-ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú ìsọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìrìn, ojú tó fi ń wo obì ló fi wò wọ́n. Ó ń wá ohun tí yóò fi fẹ́ Georgette níyàwó: yàrá méjì tó gbayì, àga onítìmùtìmù, ẹ̀gbà ọrùn wúrà. Àwọn tí ń ta tíì ní ibùdókọ̀ Adjamé sì ń wá wàrà kiri. Ó bu ju ìdajì agolo kìíní lọ tà fún wọn, ó fi láfún kíkúnná dí àyè rẹ̀, ó rò ó pọ̀, ó dé e padà. Funfun lọ, funfun dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí àwọn agolo tó tẹ̀ lé e.

"Alààyè á gbé òkú rù," ló wí fún ara rẹ̀.

Ìfẹ́ ló pè é. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ṣẹ̀ kì í fi orúkọ ara rẹ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, obìnrin kan bímọ, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó, tí kò ní ju oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan lọ, ló gba ọmọ náà tọ́. Wàrà ẹgbẹ́ ni oúnjẹ kan ṣoṣo tí ọmọ ní. Inú ìyá àgbà dùn débi pé ó ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ fún àlejò tó bá ṣe wọ́n lóore: ó fi orúkọ Olútóyè sọ ọmọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti ń wọ abúlé, á jáde, á máa fi èdè Jùlá inú ọjà ké sí i pé, "Tógómà, tógómà," ìyẹn ni pé, ìwọ tí ìwọ àti ọmọ mi jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Olútóyè á gbé ọmọ sókè kí Georgette lè rí i. Ọmọ náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Ó di oṣù kẹfà ọdún 1971. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọkọ̀ kò lè wọ igbó. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí òjò dá díẹ̀, Olútóyè wa ọkọ̀ lọ. Georgette jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lazare, apẹja ará Port-Bouët kan tó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀mùtí kí Jésù tó gbà á là, jókòó ti agolo lẹ́yìn.

Ìyá àgbà kò jáde wá pàdé wọn.

Inú ilé ni wọ́n ti bá a, ó gbé ọmọ lé itan. Ẹsẹ̀ ọmọ wú, ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún, awọ ara rẹ̀ sì ń bó. Kò sunkún. Ó kàn ń wò wọ́n.

"Mi ò fi oúnjẹ dù ú," ni ìyá àgbà wí, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. "Wàrà yín ki dáadáa, ó ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Gbogbo rẹ̀ ló ń mu."

Wàrà kì í lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Olútóyè nìkan ló mọ ohun tí ń lẹ̀.

"Hôpital, Bọ̀ọ̀dá Tóyè. Vite, kíá," ni Georgette wí.

Ọ̀nà náà ti di ẹrẹ̀. Kí wọ́n tó dé Anyama, táyà rì, ó ń yí lójú kan. Lazare àti ìyá àgbà bọ́ sílẹ̀ láti tì í, arúgbó náà fi èjìká ti ọkọ̀ bí ọkùnrin. Georgette gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Bí kì í bá ṣe wàrà tí ò ń gbé wá," ló wí jẹ́jẹ́, "ọmọ yìí ì bá ti kú tipẹ́."

Olútóyè tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

"Màmá mi ń bi mí pé kí ni mo rí lára rẹ. Mo máa ń sọ pé, rien, kò sí. Lánàá, mo sọ fún wọn pé mo ti rí i."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí fún odindi ọdún kan nìyẹn. Ó wọlé sí i lára bí ẹ̀gún. Ọkọ̀ fò jáde nínú ẹrẹ̀, àwọn méjì tó ń tì í sáré gòkè, ó sì ń sá lọ.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò dìde mọ́. Ó béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ.

"Wàrà, Dókítà. Wàrà tó péye," ni Georgette fi Faransé dáhùn. "Èmi fúnra mi ni mò ń fà á lé wọn lọ́wọ́."

Dókítà mi orí. Ó ní bí kò bá jẹ́ wàrà tí ọmọ ń mu ni, òun ì bá sọ pé ebi ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń mu wàrà tó bẹ́ẹ̀, tó sì wú báyìí, kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, wàrà sì ti di ẹrù fún un. Kí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Omi ìrẹsì àti oògùn ni yóò máa mu.

Faransé ọjà ni Olútóyè gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí. Àìrí wàrà mu ló ń pa ọmọ lọ, wọ́n sì fẹ́ gba ìwọ̀nba èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi orí ti ògiri. Lazare tẹ̀ lé e.

"Ojú rẹ jọ ojú mi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi mi dojú dé, tí omi gbé àbúrò mi lọ," ni Lazare wí. "Mo ti mutí yó lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún gbogbo Port-Bouët pé ìjì ni."

"Ta ló wá mọ̀?"

"Jésù mọ̀. Ọdún méje ni mo fi ń mu ọtí lé irọ́ yẹn lórí. Ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́, mo rò pé màá kú. Irọ́ ló kú. Èmi rèé, mo ń dà ọ́ láàmú."

"Ẹ̀gbọ́n Lazare, bí mo bá sọ̀rọ̀, mo pàdánù rẹ̀." Lazare mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Georgette ló ń sọ.

"Bó o bá dákẹ́ ńkọ́, ta lo máa pàdánù?"

Olútóyè tún fi orí ti ògiri.

"Mi ò mọ ohun tó o ṣe, mi ò sì bi ọ́. Ṣùgbọ́n Ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi ti mọ̀ ọ́n kó tó gbà láti kú fún ọ. Kí lò ń fi pa mọ́ fún Un?"

Láti inú yàrá, wọ́n gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, tó ń pè é sókè: "Toyé. Petit Toyé," ìyẹn Tóyè kékeré.

Orúkún Olútóyè kan sìmẹ́ńtì. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, èmi ni mo ń pa á. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí, kí O sì gbà á."

Ó dìde, ó wọlé. "Dókítà, attendez." Ó ní kó dúró ni; Faransé rẹ̀ tán síbẹ̀. Ó yíjú sí Georgette. "Bá mi sọ fún un pé ọmọ náà kò mu wàrà."

Georgette ti túmọ̀ rẹ̀ kó tó ronú.

"Sọ fún un pé láfún ló pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Ó sọ ọ́ dé ìdajì, ó dúró.

"Sọ fún un pé èmi ni mo dà á pọ̀. Mo ta èyí tó jíire ní Adjamé."

"Qu'est-ce qu'il dit?" ni dókítà fi béèrè ohun tí Olútóyè wí.

Georgette yíjú sí dókítà, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò kàn án. Omi kan kò bọ́ lójú rẹ̀. Ì bá sàn fún Olútóyè kó gbá a létí.

Dókítà kò bá a jà. Ó fa ìwé tó ti kọ ya, ó pe nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n po wàrà tó ṣàn, kí wọ́n máa fún ọmọ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. "Bóyá a kò tíì pẹ́ jù," ló wí.

"Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?" ni Georgette béèrè.

"Irú agolo kan náà ni."

"O máa lọ kó wọn padà. Gbogbo ilé. O máa fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn."

"Màá lọ."

Ìyá àgbà ń wò láti ẹnu kan dé ìkejì. Lazare ló fi Jùlá ṣàlàyé fún un. Gbogbo wọn dúró de èpè. Arúgbó náà rìn wá, ó gbé ọmọ lé Olútóyè nítan, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Tógómà, ìwọ lo ti ebi bọ inú rẹ̀. Ìwọ ni kó o fi ọwọ́ rẹ yọ ọ́."

Ṣíbí kìíní ṣàn jáde sí àgbọ̀n ọmọ. Èkejì náà ṣàn. Olútóyè ń pe Jésù lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń bu ìkẹta. Ọ̀fun ọmọ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e mì.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ikú àti ìyè fi fa ọmọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó sunkún, igbe kíkan tó gba gbogbo yàrá, ìyá àgbà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni Olútóyè àti Lazare gbọ̀nà igbó. Abúlé mẹ́fà ni wọ́n wọ̀. Ní òmíràn, wọ́n bú u. Ní òmíràn, wọ́n sọ ẹrẹ̀ lù ú. Ní gbogbo rẹ̀ ló sọ pé, "Èmi ni," tó sì gbé agolo tó jíire sílẹ̀.

Ìwọ tí o fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ bíi tèmi, o lè máa retí pé Georgette padà fẹ́ ẹ. N kò ní purọ́ fún ọ. Ó dárí jì í, ó sì ń kí i lẹ́yìn ìsìn, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ní Attécoubé ló fẹ́. Olútóyè sunkún. Síbẹ̀, láti ọjọ́ ilé ìwòsàn yẹn, ó ń sùn bí ẹni tí kò ní ohun kan lábẹ́ ewé mọ́. Ìfẹ́ tó tóbi ju ti Georgette lọ ti rí i ní ìhòòhò, kò sì lé e jáde.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi?

Bóyá ìwọ kò da láfún mọ́ wàrà. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí ìwọ ń dà pọ̀. O mọ ẹni tó ń gbóríyìn fún ọ, tí ì bá sá fún ọ bó bá mọ̀. Ìyìn rẹ̀ ń gún ọ, o sì ń rẹ́rìn-ín. Má sọ pé yóò di ọ̀la. Bí Olútóyè bá ní kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí òun tó sọ̀rọ̀, sàréè kékeré kan ì bá wà lẹ́yìn Anyama lónìí.

Jésù kò bi ọ́ léèrè kí Ó lè dójú tì ọ́. Ó ń bi ọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù ti ta sílẹ̀, ìjẹ́wọ́ rẹ ló kù. Pa ìwé yìí dé. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ fún Un pé, "Èmi ni." Sọ ọ́ nísinsìnyí, nígbà tí èémí ṣì wà.