Ohùn Lájídé ní Ibodè Ìmẹ̀kọ

Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà nìyí: Lájídé, tó ni ilé ìkẹ́rùsí tó tóbi jù ní ibodè Ìmẹ̀kọ, Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣètò ẹrù wọn, Fọláhàn, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó gbin ìtàkùn tó ń gbọ́ràn, Tòyòsí ará Kétu, tó ń ta èèbù iṣu, àti Ṣónibárẹ́, ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè. Àwọn alágbàárù náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n sá sí nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá ní òun wà níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un ni.

Ohun tí gbogbo wọn jọ fojú rí ni àpótí Tòyòsí tó lanu fúnra rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé, tí èèbù sì dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èèbù tí atẹ́gùn ayé bá ti fẹ́ sí kò gbọdọ̀ gòkè lọ sí òṣùpá mọ́. Òfin ibodè ni, nítorí àìsàn iṣu.

Nígbà yẹn, Ìmẹ̀kọ ti kúrò ní ìlú kékeré tí àwọn baba ńlá wa mọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń gbéra lọ sí Oko Òṣùpá, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń dáko lábẹ́ òrùlé dígí. Ẹrù ń wá láti Kétu, láti Pobẹ̀, láti Ṣakí. Oníṣòwò a kó ẹrù fún ilé Lájídé, a sì padà sílé lọ fọkàn balẹ̀. Àwọn ará ilé Lájídé ni yóò san owó ibodè, tí wọn yóò tọ́jú ẹrù, tí wọn yóò sì rí i pé kò sí òfin tó dá a dúró.

Ariwo ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró máa ń rántí jù. Kò sí ẹrù tó wọlé tí bàbá rẹ̀ kì í kí. Yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò ní, “Káàbọ̀ o, ẹrù Tòyòsí. Ṣé dáadáa lo dé? O ti délé. Fìdí kalẹ̀, kó o sinmi.” Bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, láti ayé àpò ìdọ̀họ àti ọkọ̀ tó ń jẹ epo. Alágbàárù kan a ní kí Baba bi ẹrù náà bóyá ó ti jẹun, Lájídé a sì dá a lóhùn pé ìwọ lebi ń pa, má fi ẹrù ẹlẹ́rù bojú. Gbogbo ilé a bú sẹ́rìn-ín.

Fọláhàn ló mú àpótí ẹlẹ́mìí dé. Ara ìtàkùn kan tó pè ní Agbọ́rọ̀ ló ti ń so. Èso rẹ̀ gùn, ikùn rẹ̀ ṣófo, èèpo rẹ̀ le. Bí wọ́n bá kó ẹrù sí i, yóò pa ẹnu dé. Bí aṣọ́bodè bá bi í léèrè, yóò sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀, kò sì mọ irọ́ pa. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín lókè, tí ìyẹn sọ fún un pé ó ti délé, yóò lanu. Ìtàkùn náà kò sì dúró sílé ìkẹ́rùsí. Ó fà yí gbogbo ìlú ká, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń tan iná, òun ló ń gbé ohùn èèyàn dé òṣùpá. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn ní Ìmẹ̀kọ, etí Agbọ́rọ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́.

Lọ́jọ́ tí èèbù dà sílẹ̀ yìí, Tòyòsí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣà wọ́n sínú ìró rẹ̀. “Baba Àwẹ̀ró,” ó ní, “ẹ ti kí mi wọnú òfò.”

Fọláhàn dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. “Sà, mo bẹ̀ yín nígbà tí mo gbé e dé pé kí ẹ má sọ fún un pé ó ti délé.”

“Ìwọ lo ní ó ní ẹ̀mí,” ni Lájídé wí. “Kí nǹkan ẹlẹ́mìí wọ ilé mi, kí n máa wò ó bí ẹni tí mo bá jà?”

“Ohun tó bá gbọ́ ló ń gbà gbọ́, sà.”

“Ọmọ mélòó ni mo ti sọ fún nínú ilé yìí pé ó ti délé, tó sì mọ̀ pé òun ń padà sọ́dọ̀ ìyá òun lálẹ́?”

“Ẹ̀kọ́ ilé ò tíì wọ inú gbòǹgbò rẹ̀, sà.”

Ṣónibárẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àpótí mìíràn bá tún lanu, òun yóò gba ìwé àṣẹ ilé náà, òun yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Gbogbo agbo ilé wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Dékúnlé, àbúrò Àwẹ̀ró, ló sì ń gba ẹrù wọn ní Oko Òṣùpá. Bí ilé bá tì, kò sóhun tí yóò máa gbà mọ́. Lájídé ṣèlérí pé òun yóò pa ẹnu mọ́.

Ó pa á mọ́ lóòótọ́. Ilé ìkẹ́rùsí dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún aládùúgbò, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nílé ìkẹ́rùsí, àpótí mẹ́ta lanu. Ṣónibárẹ́ fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ péré kí wọ́n fi wá ojútùú, kó tó gba ìwé àṣẹ.

Fọláhàn wú ìdí ìtàkùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní Agbọ́rọ̀ ti gbọ́ Lájídé débi pé kò dúró de ọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ lásán ti di ilé fún un. Ohun méjì ló kù: kí wọ́n hú ìtàkùn náà, kí gbogbo ìlú wà nínú òkùnkùn, tàbí kí òun di etí rẹ̀ sí ohùn kan ṣoṣo.

“Ohùn Baba nìkan,” ni Fọláhàn wí, “àti ti ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀rọ̀ gbé jáde bíi tiwọn gẹ́lẹ́. Bí èèyàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sókè, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ni Agbọ́rọ̀ fi ń mọ̀ ọ́n.”

Lájídé béèrè bóyá yóò dun ìtàkùn náà. Fọláhàn ní rárá.

“Ó dáa. Kó má gbọ́ mi mọ́. Àwọn ọmọ mi á máa gbọ́ mi.”

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Ṣónibárẹ́ fúnra rẹ̀ ní kí Baba kí àpótí kan wò. Lájídé gbé ọwọ́ lé e, ó kí i tán pátá, àpótí ò mira. Tòyòsí pàtẹ́wọ́, àwọn alágbàárù hó yè. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lájídé dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí. Àwẹ̀ró ló bá a ṣí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Dékúnlé. Ojú bàbá rẹ̀ hàn sí i, ẹnu rẹ̀ ń mì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè, ó tún un wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, Àwẹ̀ró ló ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un. Wọ́n wo fọ́nrán ìgbéyàwó Àwẹ̀ró, níbi tí Lájídé ti gbàdúrà fún un: ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òfo ni. Gbogbo ohun tí ìlú fi pa ohùn mọ́, Agbọ́rọ̀ ni, kò sì mọ ohùn yẹn ní ohùn mọ́. Lájídé kú, kò sí ibì kan láyé tàbí ní òṣùpá tí èèyàn ti lè gbọ́ ọ.

Ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú, Àwẹ̀ró pe Dékúnlé ní òṣùpá, wọ́n ń rántí rẹ̀, Àwẹ̀ró sì kí ẹrù bí bàbá wọn ṣe ń kí i, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Dékúnlé ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yín lọ.” Àwẹ̀ró tún un wí, ohùn tún lọ. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró ti darúgbó báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìbíyẹmí ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá, iná wẹ́wẹ́ kan ń tàn lára rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ràn, ó ní kí Màmá sọ bí Baba Ńlá ṣe ń kí ẹrù, kí òun lè tọ́jú rẹ̀. Àwẹ̀ró wí i. Iná náà kú. Ọmọ náà gbọn ẹ̀rọ náà wò.

“Ìbíyẹmí, kò bàjẹ́. Gbé e sórí tábìlì, má pa á. Wí i tẹ̀lé mi: Káàbọ̀ o, ṣé dáadáa lo dé? Níwọ̀n ìgbà tí iná yẹn bá ṣì ń tàn, o ò tíì wí i bíi ti Baba Ńlá. Tún un wí.”