Ẹni Tó Pa Bọ́nẹ́ẹ̀tì Dé

"Gbé àrọ yẹn wá, kó o sì yé wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹran inú ìkòkò ìyá rẹ," ni Gbádérọ̀ wí.

Nabeelah kò gbé àrọ. Ìgò tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ló tẹjú mọ́. "Bọ̀ọ̀dá Gbádérọ̀, ọ́ìlì bíréèkì nìyẹn, ẹ sì fẹ́ dà á sínú sítíárìn. Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì, èyí tó pupa yẹn, ni kó máa mu. Bàbá mi náà sì sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jáde."

Òótọ́ ni. Kí Àlíù, bàbá rẹ̀, tó lọ kírun Jímọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò nídìí sítíárìn Pijó Ìyáàfin Láwùmí, olùkọ́ kan tó ń gbé ní Olúyọ̀lé. Ọ́ìlì nìkan ló kù. Ó ní kí Gbádérọ̀ lọ ra ọ́ìlì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Challenge, kó dà á sí i, kí obìnrin náà máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Gbádérọ̀ ti kọ́ṣẹ́ jáde láti ọdún mẹ́ta, òun sì ni igbákejì ọ̀gá. Nabeelah ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde, lọ́dún 1996, ó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ bó ṣe ń dúró de èsì.

"Ọmọ ìwé! Ìdérí ló wá ń kọ́ ẹ níṣẹ́?" Gbádérọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọ́ìlì ni gbogbo ọ́ìlì ń jẹ́. Inú oòrùn yìí kọ́ ni n ó ti máa rìn lọ sí Challenge. Ọkọ ló yẹ kó o máa wá, kì í ṣe sípánà." Àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín.

Inú bí Nabeelah débi pé etí rẹ̀ ń hó. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, Gbádérọ̀ kò pè é lórúkọ rẹ̀ rí. Ó sì mọ ohun tí ọ́ìlì bíréèkì yóò ṣe. Bàbá rẹ̀ ti fi rọ́bà sítíárìn kan hàn án rí, tí ọ́ìlì bíréèkì mú wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ìyáàfin Láwùmí alára nìyí lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń ka ìwé ìròyìn. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ fún un. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ló dáhùn: jẹ́ kó dà á. Jẹ́ kí ọkọ̀ náà padà wá, kí bàbá mi fi ojú Gbádérọ̀ gbolẹ̀ lójú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí.

Ó gbé àrọ wá. Gbádérọ̀ da ọ́ìlì tán, ó ń nu ọwọ́. "Pa á dé," ló wí, Nabeelah sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàà.

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ Àlíù: ẹni tó bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ló ni iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, má fọwọ́ kàn án. Nabeelah mọ òfin náà, ìbínú ni kò jẹ́ kó rántí.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Ìyáàfin Láwùmí wí bó ṣe ń wọ ọkọ̀. "Inú mi dùn láti rí ọmọbìnrin nídìí iṣẹ́ yìí." Nabeelah kò lè wò ó lójú.

Lọ́jọ́rú, wọ́n fi okùn wọ́ Pijó náà dé, iwájú rẹ̀ ti rún. Ìyáàfin Láwùmí bọ́ sílẹ̀ nínú takisí. Ó fa ọmọ rẹ̀, Ọmọ́fẹ́, lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ti fi báńdéèjì so apá ọ̀tún ọmọ náà kọ́ ọrùn.

"Ọ̀gá Àlíù, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Mo fẹ́ yà ní Ring Road, sítíárìn le gbagidi, kò yí! Inú gọ́tà la bá ara wa. Ọsibítù Jericho la ti ń bọ̀ yìí, apá ọmọ mi kán!"

Àlíù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ki ìka bọ inú ọ́ìlì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ́ìlì bíréèkì! Ta ló dà á?"

"Ọ̀gá, ọmọ yín ló wà nídìí rẹ̀," ni Gbádérọ̀ dáhùn.

"Irọ́ ni!" Ọjọ́ tí Nabeelah ti ń retí nìyí. "Ẹ̀yin lẹ dà á! Mo sọ fún yín, ẹ sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Àlíù kọjú sí i. "O mọ̀ nígbà náà pé ọ́ìlì bíréèkì ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

"Màdáámù ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà?"

Nabeelah wo ìdí igi máńgòrò. "Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn."

"Ta ló pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé?"

"Èmi ni."

Àlíù ní kí Gbádérọ̀ kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Ó ní òun kò lè gba ẹni tó ya ọ̀lẹ, tó tún jẹ́ òpùrọ́, sọ́dọ̀. Gbogbo àwọn tó ń lẹ táyà ló rí i bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n Nabeelah kò rí adùn kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ yíjú sí òun alára. "Gbádérọ̀ kò ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí. Ìwọ kà á, ó yé ọ, o sì jẹ́ kí obìnrin yìí fi ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n bínú sí jù?"

Àlíù tún ọkọ̀ náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Títí ilé ìwé fi gba ìsinmi, Nabeelah ń lọ sí Olúyọ̀lé ní ìrọ̀lẹ́ láti bá Ọmọ́fẹ́ kọ ìwé tí apá rẹ̀ kò jẹ́ kó lè kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bi í pé, "Ṣé lóòótọ́ lo mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ọmọ́fẹ́ kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú tí Nabeelah fẹ́ kó tọ Gbádérọ̀, ojú ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Bí inú bá ń bí yín, ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá mọ̀ tó lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ewu, ẹ sọ ọ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó padé.