Pátákó Inú Àlàfo

Ìwé ńlá tí wọ́n kọ máàkì ọdún yìí sí ti pòórá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni akọ̀wé yàrá èsì fi igbe bọnu. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, gbogbo ilé alájà mẹ́ta náà ti gbọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni olórí ẹ̀ṣọ́ yunifásítì náà. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń so mọ́ ìbàdí ló fún un lórúkọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó pe àwọn tó wà ní géètì lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n yẹ gbogbo àpò àti gbogbo ọkọ̀ tó bá ń jáde wò, ìbáà ṣe ti ọ̀gá àgbà.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá èsì ló ti bá ọmọbìnrin kan tó ń sunkún. Ọmọ Télọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń rán lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú ẹ̀ka wọn.

"Màmá, aago mẹ́rin òní ló parí," ó ní. "Ilé ìwé tó gbà mí fún oyè kejì ní tí èsì mi ò bá dé kí aago mẹ́rin tó lù, àwọn á fún ẹlòmíì láyè mi. Inú ìwé yẹn ni gbogbo máàkì mi wà."

Ẹ wo nǹkan. Odidi ọdún mẹ́rin ayé ọmọ ènìyàn, inú ìwé kan ṣoṣo tí eku lè fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n kó o sí. Wọ́n wá ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé. Ṣíọ̀!

"Nu ojú rẹ," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní. "Aago mẹ́rin ò tíì lù."

Ó wọlé. Pẹpẹ ìwé yí ògiri mẹ́ta ká, àwọn ìwé èsì àtijọ́ sì tò lé e lọ́dọọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó ìrọ̀rí. Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú, dúró ti tábìlì.

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́jọ géérégé, mà. Orí tábìlì yìí ló wà. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ gba bébà, mo sì lo bí ogún ìṣẹ́jú. Mi ò ti ilẹ̀kùn."

"Kí lẹ fẹ́ fi bébà ṣe?"

"Òní la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo èsì sínú kọ̀ǹpútà, mà. A máa bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ìwé àtijọ́, ká tó bọ́ sórí ti ọdún yìí."

"Ó ti pẹ́ tó o ti wà níbí?"

"Ọdún mẹ́ta." Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Fáàsì kíláàsì ni mo gbà jáde, mà. Ọdún méjì ni mo fi wáṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síbí, kò sẹ́ni tó bi mí ní máàkì. Wọ́n ní ṣé mo lè gbé páálí."

Ìkorò wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi ìyẹn sápò. Ẹni tí inú bá ń bí sí máàkì lè fi ìwé máàkì dáná.

Ó wá ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ní ìlà kẹta, pátákó pẹlẹbẹ kan dúró láàárín ìwé méjì. Eruku bo àwọn ìwé náà, àmọ́ ipa ìka ọwọ́ wà lára pátákó.

"Kí lèyí ń ṣe níbí?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àwọn pátákó yẹn máa ń wà. Èmi a máa fi wọ́n dá ilẹ̀kùn dúró."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ka ọdún ara àwọn ìwé náà. Ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan pé, àyàfi ti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ibi tó yẹ kó wà gan-an ni pátákó dúró sí.

"Èyí tó o rí yìí, má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní.

Ẹni tó ṣe ipò kejì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igbákejì ni gbogbo wọn ń pè é, kò sì fẹ́ràn orúkọ náà. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti wà níbí?"

"Kí aago mẹ́jọ tó lù, mà. Ọ̀gá Ẹ̀ka ni mò ń dúró dè. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi máàkì méjì kún tèmi. Máàkì méjì péré ni ọmọ yẹn fi jù mí lọ!"

"Tí èsì rẹ̀ ò bá dé, ta ló ni àyè yẹn?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Èmi ni. Àmọ́ mi ò jalè, mà."

"O rí ẹni tó gbé nǹkan kọjá?"

"Rárá o. Ọ̀gá Ẹ̀ka nìkan ló kọjá, wọ́n ká kóòtù òjò wọn lápá. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn."

Oòrùn ti ń ta gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pe Ọ̀gá Ẹ̀ka ní Fáàsì Kíláàsì. Ó lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀: ẸNI TÍ KÒ BÁ NÍ FÁÀSÌ KÍLÁÀSÌ, KÓ MÁ KAN ILẸ̀KÙN YÌÍ NÍTORÍ OYÈ KEJÌ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kà á tán, ó yínmú, ó sì kan ilẹ̀kùn.

Férémù mẹ́rin ló wà lára ògiri lókè orí ọkùnrin náà. Ìwé ẹ̀rí oyè kejì, ìwé ẹ̀rí oyè ọ̀mọ̀wé, àmì ẹ̀yẹ méjì. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n tì pa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Akọ̀wé yẹn ni kí ẹ mú," Ọ̀gá Ẹ̀ka ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tàbí Igbákejì. Ọpọlọ tí kò dé ipò kìíní, olè ló máa ń dà. Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin gan-an, kíláàsì wo lẹ gbà jáde?"

"Tọ́ọ̀dù kíláàsì, sà."

Ó rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Abájọ!"

"Òun náà ni mo fi mú olè méjìdínlọ́gọ́rin, sà. Ibo ni ẹ̀yin ti gba oyè àkọ́kọ́?"

"Níbí náà ni. Mo tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá èsì yẹn nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé tò bíi tèmi. Ẹ wo ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ báyìí!"

Ẹnu rẹ̀ ló fi ta ara rẹ̀ báyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà.

Bàbá Agbálẹ̀ ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tún lọ bá. Ó ti tó ọdún márùndínlógójì tí bàbá náà ti ń gbálẹ̀ nílé yẹn.

"Pátákó kẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ayé ìgbà kan nìyẹn, ọmọ mi. Bí akọ̀wé bá mú ìwé kan, ó ní láti fi pátákó sí àlàfo rẹ̀, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti pa òfin yẹn tì. Àwọn ọmọ ìsinyìí ò gbọ́ ọ rí."

Ní aago mẹ́ta, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kó gbogbo wọn wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Ẹ̀ka: Akọ̀wé, Igbákejì, Ọmọ Télọ̀. Bàbá Agbálẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwé méjì ni olè mú," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní. "Ti àtijọ́ ló wá mú. Ti ọdún yìí, ó kàn fi bo ojú wa ni. Nígbà tó fa ti àtijọ́ yọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára láti kékeré. Ó fi pátákó sí àlàfo. Akọ̀wé ò mọ àṣà yẹn. Igbákejì ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo níbí ló ti ṣe akọ̀wé láyé pátákó. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn."

"Ìwọ tọ́ọ̀dù kíláàsì lásán-làsàn! O lè—"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti mú kọ́kọ́rọ́ kan nínú ìdì ìbàdí rẹ̀, ó ṣí i fúnra rẹ̀. Ìwé ńlá méjì ló wà lábẹ́ kóòtù òjò. Ó ṣí èyí tó gbó, ó fi ìka tọ orúkọ lọ, ó dúró.

"Ògiri yín ní ìwé ẹ̀rí oyè kejì, ó ní ti ọ̀mọ̀wé. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni ò sí. Ìdí rẹ̀ rèé. Tọ́ọ̀dù kíláàsì. Ọ̀gá mi, ẹgbẹ́ ni wá!"

Ọkùnrin náà jókòó bí ẹni tí wọ́n já okùn ìdí rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ tiẹ̀ fi mẹ́sàn-án lé.

"Èmi ni mò ń tẹ èsì àwọn tó ń jáde nígbà náà," ó ní. "Mo tẹ tèmi ní fáàsì kíláàsì, mo sì fi ránṣẹ́ síbi tí mo ti fẹ́ gba oyè kejì. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló máa ka lẹ́tà mi? Tí wọ́n bá wá tẹ ìwé yẹn sínú kọ̀ǹpútà, àṣírí tú. Àmọ́ mo kàwé débẹ̀! Mo tayọ gbogbo wọn! Máàkì yẹn ò já mọ́ nǹkan kan!"

"Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ ti mọ̀ pé kò já mọ́ nǹkan kan. Òun náà lẹ wá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn láti fi lé ọmọ ọlọ́mọ?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nawọ́ sí Ọmọ Télọ̀.

"Ọmọ yìí ńkọ́?"

"Mo fẹ́ dá ìwé tiẹ̀ padà lọ́la."

"Aago mẹ́rin òní ni tiẹ̀."

"Ọmọ télọ̀ ni," Ọ̀gá Ẹ̀ka ní. "Abẹ́rẹ́ ò wọ́n nílé wọn."

Gbogbo ìwé tó kà, àti gbogbo férémù yẹn, ohun tí wọ́n kọ́ ọ mọ náà nìyẹn.

Akọ̀wé ti gba ìwé ọdún yìí, ó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó tún bi í bóyá ó lè gbé páálí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, èsì ti jáde. Ó ku ìbuwọ́lù. Ọ̀gá Ẹ̀ka na ọwọ́ sí kálámù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ mú un wá."

Ọmọ Télọ̀ fa ìwé rẹ̀ sẹ́yìn.

"Rárá, sà. Ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ kan tèmi."

Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá àgbà nípò ní ìsàlẹ̀, ẹni yẹn sì bu ọwọ́ lù ú. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, èsì ti lọ. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Mà," Igbákejì bi Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bí àwọn ọlọ́pàá tí ìyá náà pè ti ń mú Ọ̀gá Ẹ̀ka lọ, "ta ló wá máa fún mi ní máàkì méjì yẹn báyìí?"



Àwọn ọlọ́pàá kó ìwé àtijọ́ náà dání fún ẹ̀rí. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ padà sí yàrá èsì, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Bàbá Agbálẹ̀, ó fa pátákó yẹn yọ láti inú àlàfo. Olè ti fi í síbẹ̀ láìkọ orúkọ. Ó bá a kọ ọ́, ó dá pátákó padà sáyè rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó kọ ni: Ọ̀GÁ Ẹ̀KA LÓ MÚ UN. TỌ́Ọ̀DÙ KÍLÁÀSÌ.