Tíkẹ́ẹ̀tì Akute

"Igba náírà ni, Mọ́mì. Tí kò bá sí, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ohun tí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì sọ fún màámi nìyẹn lẹ́nu géètì pápá Ìràwọ̀ Lotto, kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù wa ní Mowe. Ọgọ́rùn-ún náírà ló mú dání, torí iye tí a ti ń san láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, Olúwatìmílẹ́hìn, ló ń wọ nọ́ńbà méje fún wọn. Màámi ò pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ kankan jẹ rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó yí padà sílé. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, alága kílọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, àmọ́ ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Sà, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ di igba?"

"Gbogbo kílọ́ọ̀bù tó wà ní ìpele wa ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Morádéyọ̀, lọ kàwé ẹ."

Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ yẹn lé lọ? Sátidé mẹ́ta ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Àjíbíkẹ́, fi rìn dé pápá àwọn kílọ́ọ̀bù yòókù, tí a ń san owó géètì wọn. Mo kọ iye tí a san sórí káádíbọ́ọ̀dù, mo fi tiwa kún un: Ibafo, ọgọ́rùn-ún; Ifo, ọgọ́fà; Akute, àádọ́ta; Mowe, igba. Mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pápá wa. Kò pẹ́ tí èrò fi pé lé e lórí, wọ́n ní àwọn ò san igba. Ariwo yẹn ló mú alága jáde.

Àjíbíkẹ́ ti ń bá ará Akute kan sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ó sáré wá fà mí lápá.

"A ti ṣì í. Ṣé o rántí pé a pẹ́ dé Akute? Lẹ́yìn háàfù-táìmù, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni iye rẹ̀ gan-an. Àmọ́ má sọ ọ́ o. Ta ló máa mọ̀?"

Mo wo èrò yẹn. Ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn wà. Màámi wà láàárín wọn, ó di ọgọ́rùn-ún náírà rẹ̀ mọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo torí ẹ̀ bínú sí alága. Ṣé irọ́ ni èmi náà ó wá fi bá wọn jà? Mo mú máákà, mo fagi lé àádọ́ta, mo kọ ọgọ́rùn-ún, mo sì ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn.

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Òpùrọ́ ọmọ."

"Mo ṣe àṣìṣe, sà, mo sì ti tún un ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní gbogbo wọn ló ń gba igba. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn wá níbí."

Alága ò rí ìkankan tọ́ka sí. Bàbá Ṣàràfá, tó ti ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá yẹn tipẹ́, bá dá sí i. "Ọmọ tó tú àṣìṣe ara ẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ ẹ̀ la máa gbà. Ọgọ́rùn-ún la máa san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa dá gbá bọ́ọ̀lù wọn."

Wọ́n dá a padà sí ọgọ́rùn-ún. Màámi wọlé. Èmi ni alága ní mi ò gbọdọ̀ tẹ pápá títí ọdún á fi parí, wọ́n ní mo ya aláfojúdi. Mo gbà. Ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí tí mo fi gbọ́ ohùn màámi tó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì kábàámọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí àgbà bá sọ ohun tí kò yé yín, ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nàka sí irọ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ fagi lé tiyín.