Orí Tí Wọ́n Ń Rọ Omi Sí

Orí èèyàn ni onídìrí kọ́kọ́ rí, lábẹ́ apá ọkùnrin kan tó sá òjò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yéè! Kóòmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má bẹ̀rù, ike ni,” ọkùnrin náà ní. “Tiyín náà ṣáà wà lórí tábìlì yẹn.”

Lóòótọ́, orí ike mẹ́ta tó fi ń kọ́ èèyàn nírun dídì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé níbi iṣẹ́, àwọn máa ń rọ omi tó dúró fún ọpọlọ sínú tòun, wọ́n á gbé fóònù sí i létí, wọ́n á wá wọn agbára ìgbì rédíò tó ń wọnú orí, bóyá ó kọjá ààlà tí òfin fi lélẹ̀.

“Ẹ bá mi dirun fún un náà,” ó fi dápàárá.

Kó tó pé oṣù mẹ́fà, onídìrí ti ń pè é ní “Olórí-méjì mi”, ọkùnrin náà ò sì lè jẹun ọ̀sán láìgbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, ìyá onídìrí ló kọ̀ jálẹ̀. Kókó inú ọpọlọ ló pa ọkọ rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, látìgbà náà ni kì í gbé fóònù sétí. Ọ̀ọ́kán ló ń gbé e sí, táá máa pariwo sí i.

“Fóònù ló pa á. Mi ò ní fọmọ fẹ́ni tó ń bá àwọn onífóònù ṣiṣẹ́.”

Ọkùnrin náà tọrọ fóònù olóògbé, ó lọ wọ̀n ọ́n, ó sì padà wá.

“Kò dé ìdajì ààlà, mà. Ààlà ọ̀hún sì jìnnà síbi tí ìgbóná ìgbì náà ti lè pa ara lára.”

“Búra nígbà náà pé òun kọ́ ló pa á.”

Onídìrí ń fojú bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, búra.

“Màámi, mi ò lè búra. Ohun tí mo wọ̀n ni mo mọ̀. Ohun tó fa àìsàn Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ìyá dìde, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

“Ọ̀rọ̀ kan péré!” Onídìrí bú sẹ́kún.

“Ìfẹ́ mi, tí mo bá parọ́ fún wọn lónìí, báwo lo ṣe máa gbà mí gbọ́ lọ́la?”

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn ìyá rọra wọlé, kò pariwo rárá.

“Màámi, ṣé etí lẹ gbé e sí?”

“Etí ni.” Ìyá mí kanlẹ̀. “Èmi ni mo ra fóònù yẹn fún bàbá ẹ. Èmi ni mo ń pè é ṣáá. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń búra fún mi, kí n lè dákẹ́ ẹkún. Mi ò gba ìkankan gbọ́. Ẹni tó ní òun ò mọ̀ yìí, mo gba ìyókù ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́. Ní kó mú àwọn òbí ẹ̀ wá.”

Onídìrí dúpẹ́ tẹkúntẹkún.

“Má tíì pa fóònù o,” ìyá ní. “Jẹ́ kí n ṣì máa gbọ́ ohùn ẹ.”